Wíwọn Ohun Tí Ìrísí Rẹ̀ Ju Ẹyọ Kan Lọ: Yanrìn, Táńkì àti Kọnkéré ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Ẹni tó fẹ́ mọ iye típà yanrìn tí yóò kún àgbàlá rẹ̀, iye lítà omi tí táńkì tí wẹ́dà jó fún un yóò gbà, tàbí iye àpò sìmẹ́ńtì tí kọnkéré rẹ̀ yóò jẹ, òun ni a kọ orí yìí fún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ àpótí lásán. Àgbàlá máa ń ya sí ẹ̀gbẹ́, táńkì máa ń ní ìdí ṣóńṣó, òpó kọnkéré a sì máa jókòó lórí béèsì tó fẹ̀ jù ú lọ. Ìlànà kan náà la ó fi wọn gbogbo wọn: a ó gé nǹkan náà sí ègé tí a mọ̀ ọ́n wọn, a ó wọn ègé kọ̀ọ̀kan, a ó rò wọ́n pọ̀, a ó sì yọ ihò kúrò. Ẹ fojú sí ibi tí ègé kan ti pàdé èkejì. Ibẹ̀ ni owó ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ohun èlò

- Tépù onírin mítà 5, àti tépù gígùn mítà 30 fún àgbàlá
- Okùn líínì àti èèkàn igi mẹ́rin
- Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, tí a ó bu omi sí láti mọ ibi tó dọ́gba
- Ọ̀pá igi gígùn tí a fà ìlà sí lára, fún jíjìn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ irin
- Ike ọ̀dà lítà 20 kan tó mọ́
- Ìwé, gègé, àti fóònù fún ìṣirò
- Bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti akoto
- Ẹnì kejì tí yóò di orí tépù kejì mú, tí yóò sì máa wo ẹ̀yìn yín

Ẹ mú ìwọ̀n kan ṣoṣo

Tépù tí wọ́n ń tà ní ọjà Bọ́ńdìrì ní ojú méjì, íǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Íǹṣì ni bíríkìlà fi ń pe búlọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ bàtà ni onílé fi ń pe yàrá, mìlímítà sì ni ẹnjinníà kọ sínú àwòrán. Bí ẹ bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú ìṣirò kan, iṣẹ́ ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di mítà. Íǹṣì kan jẹ́ mítà 0.0254, ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.305, mìlímítà 225 jẹ́ mítà 0.225.

Àpótí tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan ni kúbíìkì mítà kan. Lítà omi 1,000 ló ń gbà, omi náà sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó nílò rẹ̀ níbi táńkì.

Ègé márùn-ún tó yẹ kí ẹ mọ̀

Àpótí: gígùn × fífẹ̀ × gíga.

Òpó róbótó, bíi dúrọ́ọ̀mù: 3.142 × ìdajì ìdábùú × ìdajì ìdábùú × gíga.

Ohun tó rí bí òrùlé aláwẹ́ méjì: ẹ ṣírò rẹ̀ bí àpótí, kí ẹ pín in sí méjì.

Ṣóńṣó: ẹ ṣírò rẹ̀ bí òpó tàbí àpótí tí ìdí àti gíga wọn dọ́gba, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fi páálí ká ṣóńṣó àti òpó tí ìdí wọn jọ fẹ̀, tí wọ́n sì jọ ga, kó wá máa fi ṣóńṣó bu yanrìn sínú òpó. Ìgbà mẹ́ta ni yóò bù ú kó tó kún.

Ìdajì bọ́ọ̀lù, irú èyí tó máa ń wà lórí àwọn táńkì kan: ìdá méjì nínú mẹ́ta òpó róbótó tí ìdábùú wọn dọ́gba, tí gíga rẹ̀ sì tó ìdajì ìdábùú náà.

Kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́ ńlá, ẹ fi búlọ́ọ̀kù onííǹṣì mẹ́sàn-án kan dánra wò. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 0.45, fífẹ̀ 0.225, gíga 0.225. Bí kò bá ní ihò, 0.0228 kúbíìkì mítà ni, ìyẹn nǹkan bíi lítà 22.8. Ẹ wá wọn ihò méjèèjì. Ká ní ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 12.5, tó sì já dé ìdí, lítà 4.2 ni ihò kan. Ẹ yọ méjèèjì, ó ku lítà 14.4 tó jẹ́ sìmẹ́ńtì àti yanrìn gidi. Ẹ wọn ihò náà lókè àti nísàlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀dù ló máa ń jẹ́ kí ó fún bó ṣe ń lọ. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ lo ìwọ̀n àárín wọn.

Yanrìn tí a ó fi kún àgbàlá

Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ lọ sílẹ̀, omi sì sún mọ́ ojú ilẹ̀ níbẹ̀. Láti Tolu títí dé Àmùkòkò, ẹ ó rí ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju títì lọ, nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe ni wọ́n ń gbé e sókè. Nítorí náà, yanrìn ni iṣẹ́ tí èèyàn ń wọn jù lọ níbẹ̀.

1. Ẹ ya àwòrán àgbàlá náà sórí ìwé, kí ẹ sì gé e. Ká ní ó rí bíi lẹ́tà L. Ègé A, níwájú, jẹ́ mítà 12 sí 4. Ègé B, ní ẹ̀gbẹ́ ilé, jẹ́ mítà 5 sí 3. Ẹ fi líínì àti èèkàn fa ààlà sáàárín wọn ní orí ilẹ̀ gan-an, kó má jẹ́ ti orí ìwé nìkan.

Igun tí méjèèjì ti pàdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ègé kan ṣoṣo. Bí ẹ bá wọn B láti ara ògiri ìta, ẹ ó ka mítà 9 dípò 5, ẹ ó sì ti ka igun náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ní jíjìn mítà 0.6, igun yẹn jẹ́ 7.2 kúbíìkì mítà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó típà kan odindi.

2. Ẹ wá jíjìn. Ẹ fi rọ́bà omi sàmì sí ara ògiri yíká, níbi tí ẹ fẹ́ kí ojú ilẹ̀ tuntun dé. Láti àmì yẹn ni ẹ ó ti máa wọn sísàlẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi: igun, àárín, ẹ̀bá gọ́tà. Ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ fi iye ibi tí ẹ wọ̀n pín in. Ẹni tó bá wọn ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ́nu ilẹ̀kùn, ibi tó ga jù ló wọ̀n, yanrìn rẹ̀ kò ní tó. Àpẹẹrẹ tiwa jẹ́ mítà 0.6.

3. Ẹ ṣírò: 12 × 4 jẹ́ 48, 5 × 3 jẹ́ 15, àpapọ̀ 63. Ẹ fi 0.6 ṣe ìlọ́po rẹ̀, ó di 37.8 kúbíìkì mítà.

4. Ẹ yọ ohun tó ti wà níbẹ̀. Bí sọ́kàwé bá yọ orí sókè, tí orí rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5 sí 1.5, 2.25 ni ẹ ó yọ. Ó ku 35.55.

5. Yanrìn tí a bá tẹ̀, tí òjò sì rọ̀ sí, a máa lọ sílẹ̀. Èmi a máa fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un: 35.55 × 1.2 jẹ́ 42.66.

6. Ẹ wọn típà. Ẹ má fi orúkọ tí wọ́n ń pè é ra yanrìn, nítorí típà méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ tẹ́ńì tọ́ọ̀nù lè máà ní ara kan náà. Ẹ wọn inú rẹ̀, ẹ má wọn ìta. Ká ní gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, fífẹ̀ 2.2, tí yanrìn sì ga tó 0.8 lára pákó ẹ̀gbẹ́: 7.04. Òkìtì tó wà lókè rí bí òrùlé, mítà 0.4 ní àárín: 2.2 × 0.4 × 4 ÷ 2 jẹ́ 1.76.

Awakọ̀ yóò fẹ́ kí ẹ ka òkìtì náà ní pípé. Ẹ má gbà. Iwájú àti ẹ̀yìn òkìtì máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kòtò ojú ọ̀nà a sì ti gbọn díẹ̀ dànù. Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ kà: 7.04 àti 0.88 jẹ́ 7.92. Ẹ wá fi 7.92 pín 42.66, ó jẹ́ 5.39. Típà mẹ́fà ni ẹ ó rà. Bí ẹ bá ti ka igun yẹn lẹ́ẹ̀mejì, méje ni ẹ̀ bá san owó rẹ̀.

Ìkìlọ̀: kí yanrìn tó dà ni kí ẹ wọn ọ́n, nígbà tí ọkọ̀ ti kú, tí bíréèkì ọwọ́ sì ti wà lókè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ típà tó ń gbé ara sókè. Ẹ wo òkè pẹ̀lú: wáyà iná lọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ara típà tó gbéra sì lè kàn án.

Táńkì tó ní ìdí ṣóńṣó

Flour Mills of Nigeria ti ń lọ àlìkámà ní Àpápá láti 1962. Sílò tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kó ọkà sí sábà máa ń jẹ́ òpó róbótó lókè, ṣóńṣó nísàlẹ̀, kí ọkà lè máa dà fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn wẹ́dà wa ń ṣe fún omi kò yàtọ̀: ẹrọ̀fọ̀ yóò kó sínú ṣóńṣó, a ó sì ṣí i dànù.

Ìdábùú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó ṣòro láti di tépù mú la àárín táńkì kọjá dáadáa, nítorí náà ẹ fi okùn yí i po, kí ẹ wọn okùn náà, kí ẹ fi 3.142 pín in. Okùn mítà 3.78 fún wa ní 1.203. Ẹ yọ nínípọn irin lẹ́ẹ̀mejì. Bí irin bá jẹ́ mìlímítà 1.5, ó ku mítà 1.2. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.6.

Ojú ìdí rẹ̀: 3.142 × 0.6 × 0.6 jẹ́ 1.131. Apá òkè ga ní mítà 1.5, ó jẹ́ 1.697. Ṣóńṣó ga ní mítà 0.45: 1.131 × 0.45 ÷ 3 jẹ́ 0.170. Àpapọ̀ 1.867 kúbíìkì mítà, ìyẹn lítà 1,867.

Àṣìṣe mẹ́rin ló wọ́pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni lílo ìdábùú níbi tó yẹ kí a lo ìdajì rẹ̀. Èyí a máa sọ táńkì kan di mẹ́rin, ojú a sì tètè rí i. Èkejì ni kíka ṣóńṣó bí òpó, tí í fi lítà 339 tí kò sí kún un. Ẹ̀kẹta ló ń mú àwọn tó mọ̀ṣírò pàápàá: wọ́n á na tépù mọ́ ara ṣóńṣó náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á rí 0.75, wọ́n á sì pè é ní gíga. Gíga ni ohun tó lọ ní ṣánṣán láti etí ṣóńṣó dé ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá kan dábùú lábẹ́ etí náà, kí ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti ara ọ̀pá dé ibi tó bá ẹnu ṣóńṣó dọ́gba. Lítà 113 ni àṣìṣe yìí ń fi kún un nínú àpẹẹrẹ wa. Ẹ̀kẹrin, páìpù tí omi ń gbà dànù. Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ sí etí òkè, omi kò ní dé òkè yẹn láéláé, lítà 113 mìíràn sì ti lọ.

Lítà tí táńkì gbà yàtọ̀ sí lítà tí ẹ ó rí lò. Èyí tí yóò jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni kí ẹ fi ra táńkì, odindi rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣírò ìwúwo. Táńkì yìí yóò ru omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 1.9, láìka irin.

Ìkìlọ̀ tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ má wọ inú táńkì, sọ́kàwé tàbí kànga láti lọ wọn ọ́n. Afẹ́fẹ́ inú wọn lè pa èèyàn kó tó pariwo, ẹni tó bá fò wọlé láti gbà á sílẹ̀ a sì máa bá a lọ. Láti ìta ni kí ẹ ti fi ọ̀pá igi wọ̀n. Táńkì tàbí dúrọ́ọ̀mù tó ti gbé epo bẹntiróòlù rí, ẹ má tan fóònù tàbí iná mọ́nàmọ́ná sí i lẹ́nu, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kàn án, ìbáà gbẹ táútáú. Oru epo inú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Tańkà epo tó ń tò sí ọ̀nà Àpápá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀: ìrísí ẹyin ni wọ́n, inú wọn pín sí yàrá yàrá, ọ̀pá dípì àti ṣáàtì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń mọ lítà wọn. Kò sí ìṣirò orí ìwé tó lè rọ́pò ìyẹn.

Kọnkéré

Àpápá ti rí ohun tí sìmẹ́ńtì tí a kò ṣírò dáadáa lè fà. Nígbà ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, wọ́n ra sìmẹ́ńtì tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, èbúté kò sì lágbára láti já ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún kan. Ní 1975, ọkọ̀ ojú omi tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú òkun Èkó, wọ́n ń dúró de àyè. Èbúté Tin Can Island tí wọ́n ṣí ní 1977 wà lára ohun tí wọ́n fi wá ojútùú sí i. Tiyín kò ní tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àpò sìmẹ́ńtì tó gan sínú yàrá nígbà òjò, owó náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ibùjókòó táńkì olópòó mẹ́rin. (Ìwọ̀n tí mo lò fún ìṣirò nìkan ni. Ẹ má fi kọ́ nǹkan kan.)

Béèsì kọ̀ọ̀kan: 0.9 × 0.9 × 0.3 jẹ́ 0.243. Òpó kọ̀ọ̀kan, láti orí béèsì dé abẹ́ dẹ́kì: 0.225 × 0.225 × 2.4 jẹ́ 0.1215. Méjèèjì jẹ́ 0.3645, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 1.458. Dẹ́kì: 2.4 × 2.4 × 0.15 jẹ́ 0.864. Àpapọ̀ 2.322 kúbíìkì mítà.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, láti orí béèsì dé abẹ́ dẹ́kì. Irin òpó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú béèsì, ó sì máa ń wọ inú dẹ́kì, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń tẹ̀lé irin fi máa ń wọn òpó náà ní gígùn jù. Ohun tó bá kà lẹ́ẹ̀mejì lórí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.225 × 0.225 × 0.45, gẹ́gẹ́ bíi búlọ́ọ̀kù onííǹṣì mẹ́sàn-án kan tí kò ní ihò. Lórí òpó mẹ́rin, kò pọ̀. Lórí ilé alájà méjì, ẹ ó rí i.

Sìmẹ́ńtì, yanrìn àti gíránáìtì gbígbẹ máa ń sún wọ inú ara wọn bí a bá fi omi pò wọ́n, nítorí náà ẹ fi 1.54 ṣe ìlọ́po: 3.576. Bí àpòpọ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, méjì, mẹ́rin, ọ̀nà méje la pín in sí. Sìmẹ́ńtì jẹ́ 0.511, àpò kan oníkílò 50 sì jẹ́ nǹkan bíi lítà 35, ìyẹn 0.035. Àpò 14.6 ni, ẹ ra 16, kí èyí tó bá dànù má baà dá iṣẹ́ dúró. Yanrìn yóò jẹ́ 1.02 kúbíìkì mítà, gíránáìtì 2.04. Kọnkéré tó bá dúró lágbedeméjì dẹ́kì títí ọjọ́ kejì a máa ní ìlà níbi tó ti dúró, omi a sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Àpò méjì tó lé dára ju ìyẹn lọ.

Kòtò béèsì: ilẹ̀ oníyanrìn tí omi wà lábẹ́ rẹ̀ a máa ya lulẹ̀ lójijì. Bí kòtò bá ti jìn kọjá orúnkún, kí ẹni tó ń wọn ọ́n dúró sókè, kó fi ọ̀pá wọ̀n, kí ẹ má sì kó yanrìn tí ẹ gbẹ́ jọ sí etí rẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù nínú kọ̀ǹténà

Fún ẹni tó ń kó ẹrù, díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó wà níbí. Inú kọ̀ǹténà ogún ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ nǹkan bíi mítà 5.9 sí 2.35 sí 2.39, ìyẹn 33 kúbíìkì mítà. Ẹ má ṣe fi 0.2 pín in, kí ẹ wá retí dúrọ́ọ̀mù 165 onílítà 200. Àyè máa ń ṣẹ́kù láàárín ohun róbótó, òkè a sì ṣẹ́kù pẹ̀lú. Ọgọ́rin ni wọ́n ń tò sínú rẹ̀ ní ìpele méjì, ìyẹn kúbíìkì mítà 16 péré. Kí ẹ sì má ṣe wọn kọ̀ǹténà tó wà lórí tírélà tí wọn kò tíì ti ìdè igun rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Kí owó tó jáde, ẹ tún un ṣe ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ gé àgbàlá náà sí ibòmíràn, ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ kan náà. Ẹ fojú bu àpótí ńlá kan tó lè gba gbogbo nǹkan náà. Bí ìdáhùn yín bá ju ti àpótí yẹn lọ, ẹ ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Fún táńkì kékeré, ẹ fi ike lítà 20 pọn omi sínú rẹ̀, kí ẹ máa fa ìlà kọ̀ọ̀kan sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ike ọ̀dà tí a bù kún dé etí a máa ju lítà 20 lọ; ẹ kọ́kọ́ fi ìgò omi tí a kọ lítà sí lára wọn ike náà, kí ẹ sì sàmì síbi tó dé.

Ìṣirò yìí á sọ iye fún yín, kò lè sọ bóyá ilẹ̀ yóò gbé e. Ibùjókòó táńkì tó wó nínú àgbàlá kì í mọ ọmọ ẹni tó ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kó gbogbo nọ́ńbà yín, pẹ̀lú ìwúwo omi, fún ẹnjinníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ COREN, kí ó sọ ìwọ̀n béèsì àti irin fún yín, kí ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kí bíríkìlà tó gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́.